Àpótí Ìdílé Mímọ́

Àpótí náà kò ju ohun tí ọmọdé lè gbé mọ́yà lọ.
Igi ni, dígí wà níwájú rẹ̀,
Jósẹ́fù nínú, Màríà nínú, ọmọ láàárín wọn,
ihò tóóró nísàlẹ̀ fún owó ẹyọ.
Imú Jósẹ́fù ti kán tipẹ́:
Belmiro ọmọ alágbẹ̀dẹ ló jù ú lulẹ̀
lọ́dún tí òjò dídì wó òrùlé ilé ìwé.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa yìí,
lórí òkè ilẹ̀ Potogí,
ọgbọ̀n ilé ló ń gbà á lálejò.
Alẹ́ kan níhìn-ín, alẹ́ kan lọ́hùn-ún,
oṣù á lé, oṣù á wọ̀, kó tó tún kan ìyá mi.
Ìyá mi á fọ ilẹ̀, á fọ̀ wá,
á yọ aṣọ tábìlì funfun tí a kì í fi jẹun.
Bàbá mi, tó ń ṣépè fún ìbaaka láti àárọ̀ ṣúlẹ̀,
á gbé èpè mì ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nísinsìnyí, ọjọ́ márùn-ún péré, ó ti dé.
Mo máa ń ní, Ẹ kú ìrìn o, ẹ ò tiẹ̀ pẹ́ lọ́nà.
Ilẹ̀ Faransé ti gbé àwọn kan lọ, ibojì ti gba àwọn kan.
Nílé Zeferino, igi ọ̀pọ̀tọ́ ti gba ojú fèrèsé jáde.
Ìjọ mọ́kànlá ló wà lọ́rùn Fadá Anselmo;
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni ọkọ̀ rẹ̀ ń wúkọ́ gun òkè dé.
A kò bá a wí. Ènìyàn kan ni.

Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àpótí ni òfin:
orúkọ tẹ̀lé orúkọ, a kò gbọdọ̀ fo ẹnìkan.
Láàárín èmi àti Zulmira, Ermelinda ló wà.
Á gbà á lọ́wọ́ mi, á fi fún un lọ́jọ́ kejì,
bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kò fi pa èmi àti Zulmira pọ̀
fún ọdún mọ́kàndínlógún,
nítorí omi.
Omi ojú ìṣàn tí a fi ń rin àgbàdo:
mo ní Ọjọ́bọ̀ ni tèmi, ó ní Ọjọ́bọ̀ ni tòun,
ó dí ojú omi, àgbàdo mi gbẹ,
mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọmọ rẹ̀ tó sá lọ.
N kò ní tún un sọ níhìn-ín.

Ermelinda kú ní oṣù Èrèlé.
Mo dúró lápá ọ̀tún ibojì, Zulmira dúró lápá òsì.
Lọ́jọ́ kẹta àpótí dé ọ̀dọ̀ mi,
mo yí i padà, mo ka ìwé ẹ̀yìn rẹ̀
bí ẹni pé n kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
mo kan ilẹ̀kùn, mo sá,
èmi arúgbó, bí ọmọ tó jí èso oko olóko.
Ìgbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà.
Ìgbà kẹta, òjò ń rọ̀.
Mo lè fi Zulmira sínú òjò,
ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe fi ọmọ ọwọ́ sínú òjò,
àti Jósẹ́fù tí kò nímú?
Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bò wọ́n. Mo dúró.
Ó ṣílẹ̀kùn.
Ìgbà wo ló darúgbó báyìí?
Ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí ní Mísà.
Ó wo àpótí, ó wo irun mi tó ń sun omi,
ó ní, “Òróró fìtílà wọn ti fẹ́ tán.”
Mo ní, “Mo rí i.”
Ó ní, “Mo ní díẹ̀ nílé.”

Ó gbà á. Kò ní kí n wọlé,
ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn.
Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá:
Mo kí ọ Màríà, o kún fún oore-ọ̀fẹ́.
Ó kà á dé ibi tí ẹnìkejì ti máa ń gbè é,
ó dákẹ́.
Ó dákẹ́ síbẹ̀.
Omi ń kán létí òrùlé.
Mo ti ẹnu ọ̀nà gbè é:
Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run.

Ìborùn mi ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.
N kò tíì béèrè.